Ilé Mọ́kànlélọ́gbọ̀n Lórí Káàdì Àjọ

Lọ́jọ́ tí alájọ bá ń bọ̀ wá san owó ọdún, ìyá mi kì í jókòó sídìí èlùbọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa ń jókòó lọ́jọ́ mìíràn. Wọ́n á ti nu orí àpótí kejì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n á ti kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọdọ̀ rìn jìnnà, wọ́n á sì ti fa káàdì yọ nínú àpò tòbí. Káàdì náà á ti rọ̀ bí aṣọ. Ìyẹ̀fun èlùbọ́ á ti wọ̀ ọ́ lára, etí rẹ̀ á ti ká kò, ṣùgbọ́n gbogbo ilé tí wọ́n fi ìlà pín sórí rẹ̀ ló ṣì máa ń hàn: ìlà kan fún oṣù kan, ilé 31 lórí ìlà kọ̀ọ̀kan, àti ìfọwọ́sí alájọ nínú ilé kọ̀ọ̀kan, tó rí bí ìwọ̀ tí wọ́n fi ń pẹja. Kí wọ́n tó na káàdì náà sí alájọ, wọ́n á kọ́kọ́ fi èékánná ka àwọn ilé tó ṣófo. Wọ́n mọ iye wọn. Wọ́n tún mọ ìdí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi ṣófo: ọjọ́ méjì tí òjò kò jẹ́ kí ọjà ná, ọ̀sẹ̀ tí ibà gbé mi dè, ọjọ́ tí wọ́n sin ẹ̀gbọ́n wọn.

Mo ti ka ìwé lórí bí èèyàn ṣe ń gbé àfojúsùn kalẹ̀ tó sì ń lé e bá. Kò sí èyí tó kọ́ mi tó káàdì yẹn. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ ṣàlàyé bí àjọ ọdún ṣe ń ṣiṣẹ́, àti bí bàbá mi ṣe yá ọgbọ́n inú rẹ̀ lò fún ohun tí kì í ṣe owó rárá. Ó dá mi lójú pé àwọn tó ń wá ọ̀nà láti tún ayé ara wọn ṣe ń wá a jìnnà, nígbà tó wà nínú àpò tòbí àwọn ìyá wọn.

Ilé ẹlẹ́sìn méjì ni wọ́n bí mi sí ní Ìbàdàn. Mùsùlùmí ni ìyá mi, Mẹ́tọ́díìsì ni bàbá mi, ọ̀pọ̀ ilé Yorùbá ló sì rí bẹ́ẹ̀ láìsí ìjà. Iléyá la ń ṣe, Kérésì la ń ṣe, káàdì méjì sì ni ìyá mi ń dá ní ọjà Bódìjà.

Bí àjọ ojoojúmọ́ ṣe ń lọ nìyí. Ìwọ àti alájọ á fẹnu kò lórí iye tí wàá máa dá. Ká ní ₦500 ni. Lójoojúmọ́, alájọ á yà lọ́dọ̀ rẹ, á gba ₦500, á fọwọ́ sí ilé kan. Bí oṣù bá pé ọjọ́ 31, o ti dá ₦15,500. Ìdá ọjọ́ kan, ìyẹn ₦500, ni owó iṣẹ́ alájọ, ₦15,000 ni tìrẹ. Ẹlòmíràn á gba tirẹ̀ lóṣooṣù, ṣùgbọ́n ẹni tó ń dá àjọ ọdún á ní kó wà níbẹ̀ títí ọdún yóò fi kù díẹ̀. Iye tí o bá fi bẹ̀rẹ̀ ni wàá fi parí. O ò lè dá ₦200 lónìí kí o dá ₦700 lọ́la. Bí ọjà bá tà, tí o sì fẹ́ dá ₦1,000, ilé méjì ni alájọ á fọwọ́ sí, a jẹ́ pé o ti dá ti ọ̀la tàbí pé o dí àlàfo tó ti wà tẹ́lẹ̀.

Èsúsú yàtọ̀ sí èyí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu ọjà ń pe méjèèjì ní àjọ. Ẹgbẹ́ ló ń dá èsúsú. Bí èèyàn mẹ́wàá bá ń dá ₦5,000 lọ́sẹ̀, ẹnì kan á kó ₦50,000 lọ́sẹ̀ yìí, ẹlòmíràn á kó o lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, títí á fi yí gbogbo wọn ká. Samuel Johnson mẹ́nu kàn án nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí wọ́n tẹ̀ ní 1921, William Bascom, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà, sì kọ odindi àròkọ lé e lórí ní 1952. Àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú gbé e kọjá òkun: susu ni wọ́n ń pè é ní Trinidad, asue ni wọ́n ń pè é ní Bahamas.

Káàdì Kérésì rọrùn láti ṣírò, nítorí ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá kì í yẹ̀. Ti Iléyá ló gba ọgbọ́n. Òṣùpá ni Mùsùlùmí fi ń ka oṣù, ọdún òṣùpá kò sì ju ọjọ́ 354 tàbí 355 lọ, nítorí náà Iléyá máa ń fi bí ọjọ́ 11 yá ju ti èṣí lọ. Ní 2024, ọjọ́ 16 oṣù Kẹfà ló bọ́ sí. Ní 2025, ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà. Ẹni tó bá dá ₦500 lójoojúmọ́ fún ọjọ́ 354 á ní ₦177,000. Bí alájọ bá yọ tirẹ̀ fún oṣù 12, ₦171,000 á kù. Bí iye yẹn kò bá ká àgbò, ó lè ká ìpín kan nínú màálù, nítorí ẹ̀sìn Ìsìláàmù fàyè gba kí èèyàn méje pa màálù kan pọ̀. Ìyá mi kì í wo kàlẹ́ńdà fún gbogbo èyí. Bí wọ́n bá ti rí i pé ọjọ́ ń sún, wọ́n á ní, "Ọdún ti ń sáré bọ̀ o," wọ́n á sì máa dá ilé méjì lọ́jọ́ tí ọjà bá tà.

Kò sí owó tó ń wọ káàdì wọn láìní orúkọ. Ṣáájú kí wọ́n tó dá ti ọjọ́ àkọ́kọ́, wọ́n á pe gbogbo wa jọ, wọ́n á sì sọ ọ́ lójú wa: "Èyí ni ti àgbò. Èyí ni ti aṣọ ọdún yín. Èyí ni ti ìwé yín lóṣù Kìn-ín-ní." Bí ọ̀kan nínú wa bá wá ń ké lóṣù Karùn-ún pé òun fẹ́ bàtà, wọn kì í bínú. Wọ́n á kàn béèrè pé, "Nínú èwo ni kí n ti yọ ọ́? Nínú àgbò ni, àbí nínú ìwé?" Ọmọ ọdún mẹ́jọ mọ èsì ìbéèrè yẹn.

Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó kàwé pé àìmọ̀kan ni kí èèyàn máa sanwó fún ẹni tó ń bá a tọ́jú owó, nígbà tí báńkì á fi èlé díẹ̀ kún un. Kì í ṣe àìmọ̀kan. Èmi náà ní kóló onígi nígbà kan, mo sì mọ bí wọ́n ṣe ń fi ẹyọ ìgbálẹ̀ kan tí wọ́n lẹ ẹ̀bà mọ́ lẹ́nu fa náírà jáde láti ojú ihò rẹ̀. Owó tó wà lọ́wọ́ ẹni, ọwọ́ ẹni náà ló máa ná an. Ohun tí ìyá mi ń fi ìdá ọjọ́ kan rà lọ́wọ́ alájọ ni pé kí owó wọn jìnnà sí wọn, kí ẹnì kan sì máa yọjú lójoojúmọ́ láti béèrè rẹ̀. Àwọn olùwádìí mẹ́ta, Nava Ashraf, Dean Karlan àti Wesley Yin, rí irú rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Philippines, wọ́n sì tẹ ohun tí wọ́n rí jáde ní 2006. Báńkì kan ní kí àwọn oníbàárà yan ọjọ́ tàbí iye tí wọ́n fẹ́ kí owó wọn dé kí wọ́n tó lè fọwọ́ kàn án. Èlé rẹ̀ kò ju ti àpamọ́ lásán lọ. Síbẹ̀, ìdá 28 nínú ọgọ́rùn-ún gbà á. Nígbà tó di ọdún kan, owó àwọn tí wọ́n fi lọ̀ ti fi ìdá 81 nínú ọgọ́rùn-ún ròkè ju ti àwọn tí wọn kò fi lọ̀ lọ. Ní ìlú Carlisle, ní Pennsylvania, báńkì kan bẹ̀rẹ̀ ohun tó jọ ọ́ ní 1909. Ẹgbẹ́ Kérésì ni wọ́n pè é: owó kékeré lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí oníbàárà kò ní í rí gbà títí Kérésì yóò fi kù sí dẹ̀dẹ̀. Ìyá mi kò gbọ́ nípa Carlisle rí.

Ẹni tó ń yọjú yẹn ṣe pàtàkì púpọ̀. Gbogbo wa la mọ Alájọ Ṣómólú tí wọ́n ń fi bú ẹni tó bá ń ṣe bí ẹni pé orí òun pé jù: ó ta mọ́tò, ó fi ra kẹ̀kẹ́. Èèyàn gidi ni. Alphaeus Taiwo Olunaike ni orúkọ rẹ̀, wọ́n bí i ní 1915, ó sì wà láyé títí di 2012. Wọ́n ní ó lè gba owó lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn láìkọ orúkọ wọn sílẹ̀, kó sì san án padà láìṣì í san. Lójú tèmi, ọgbọ́n ni kẹ̀kẹ́ yẹn. Mọ́tò kò lè wọ ọ̀nà tóóró Ṣómólú dé iwájú ìsọ̀ àwọn oníbàárà, kẹ̀kẹ́ lè wọ̀ ọ́. Alájọ tí kò bá lè dé ọ̀dọ̀ rẹ, ilé yóò máa ṣófo lórí káàdì rẹ.

Mi ò ní í fi ibi tó ń dunni pamọ́. Lọ́dún kan, alájọ kan sá lọ nínú ọjà nígbà tí Kérésì ku ọ̀sẹ̀ méjì. Kì í ṣe ti ìyá mi, ti ọ̀rẹ́ wọn tó ń ta ata gígún ni. Mo rí obìnrin náà níbi tó ti ń yí káàdì rẹ̀ sí ọ̀tún sí òsì, bí ẹni pé owó á bọ́ sílẹ̀ nínú rẹ̀. Ìyá mi pín ìrẹsì wa sí méjì lọ́jọ́ Kérésì yẹn. Láti ìgbà náà ni wọn kì í dá àjọ ọdún fún ẹni tí wọn kò mọ ilé ìyá rẹ̀, wọ́n á sì kọ́kọ́ dá ti oṣù kan péré, kí wọ́n gbà á, kí wọ́n wò ó. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti gbé tiwọn lọ sórí fóònù báyìí. PiggyVest, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2016, gba ìmísí rẹ̀ lára obìnrin kan tó fi àwòrán kóló onígi rẹ̀ sórí Twitter: ₦1,000 lójoojúmọ́ fún odindi ọdún kan. Ọgbọ́n kan náà ni, ilé rẹ̀ ló yí padà.

Bàbá mi, tíṣà ni wọ́n, àwọn ló sì yá ọgbọ́n káàdì yìí lò fún ohun tí kì í ṣe owó. Ọ̀sẹ̀ tó wà láàárín Kérésì àti ọdún tuntun ni wọ́n máa ń tẹ́ ẹní sí pálọ̀, wọ́n á gé páálí bisikíìtì, wọ́n á fi rúlà àti báírò fa ìlà sí i, ilé 31 lórí ìlà kan, ìlà 12. Káàdì kan fún ọmọ kan. Ìbéèrè wọn kò ju mẹ́ta lọ. Kí lo fẹ́ lè ṣe nígbà tí Kérésì mìíràn bá fi máa dé? Kí lo máa dá lójoojúmọ́? Ta ni alájọ rẹ? Ìbéèrè kẹta ni wọ́n le lé lórí jù, nítorí kò sí ẹni tó gbọdọ̀ fọwọ́ sí káàdì ara rẹ̀.

Lọ́dún àkọ́kọ́, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní òun fẹ́ dẹ́kun ìbínú. Bàbá mi ní, "Ó dáa. Kí ni alájọ á wá gbà lọ́wọ́ rẹ lálẹ́?" Kò rí èsì. Wọ́n jọ jókòó tì í títí ó fi di ohun tí ọwọ́ lè kàn: bó bá bá ẹnikẹ́ni jà lọ́jọ́ kan, kó tó sùn, á lọ bá onítọ̀hún, á sì pè é lórúkọ, á bá a sọ̀rọ̀. Ìyá mi ni alájọ rẹ̀. Àwọn alẹ́ kan wà tí mo ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tó ń lọ tó ń bọ̀, kó tó kanlẹ̀kùn mi.

Àǹtí mi, ìyẹn ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ní tirẹ̀ fẹ́ lè pọ́n mọ́ínmọ́ín ọdún láìjò. Ẹ̀wà wọ́n ju kí a máa fi kọ́ iṣẹ́ lójoojúmọ́, nítorí náà omi ni wọ́n ní kó máa fi ṣe é. Lálaalẹ́, á mú ewé méjì, á gbé ọ̀kan lé èkejì kí ìlà wọn má bàa dọ́gba, á ká a bí òkòtó, á ṣẹ́ ìdí rẹ̀ sẹ́yìn, á da ife omi kan sí i, á sì na ọwọ́ rẹ̀ síwájú. Èmi ni alájọ rẹ̀. Màá ka ení títí dé ọgbọ̀n, màá máa wo ìdí ewé náà. Bí omi bá kán kó tó pé, n kò ní í fọwọ́ sí i. Lóṣù Kìn-ín-ní, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló máa ń tutù. Nígbà tó fi di oṣù Kẹjọ, màá ka ọgbọ̀n, màá ka àádọ́ta, ewé á wà bẹ́ẹ̀. Òun nìkan ló pọ́n mọ́ínmọ́ín Kérésì ọdún yẹn, ìyá wa kò fọwọ́ kàn án, àwọn àlejò sì ń béèrè ẹni tí wọ́n rà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Èmi fẹ́ lè ka ìwé Yorùbá geerege, kí n gbé àmì ohùn sí ibi tó yẹ. Ojú ewé kan nínú Aláwìíyé J. F. Ọdúnjọ lálẹ́ ni tèmi. Ìyá àgbà, ìyá bàbá mi, ni wọ́n fi ṣe alájọ mi, bẹ́ẹ̀ wọn kò mọ̀ọ́kà. Mo rò pé bàbá mi ṣì í ṣe ni. Ṣùgbọ́n bí mo bá ka ọ̀rọ̀ kan tí ohùn rẹ̀ kò lọ déédéé, Ìyá àgbà á ní, "Kí nìyẹn? Ta ló ń sọ̀rọ̀ báyẹn?" Màá padà, màá tún un kà. Bó bá ti dùn létí wọn, wọ́n á fi àtàǹpàkò kan ẹ̀yìn ìkòkò tó dúdú, wọ́n á sì tẹ̀ ẹ́ sínú ilé kan lórí káàdì mi. Káàdì yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi. Òbìrìkìtì dúdú ló kún inú rẹ̀.

Nípa ọjọ́ tí èèyàn bá pa jẹ, ìyẹn ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń jù ú sílẹ̀, ọgbọ́n àjọ dára ju ti ìpinnu ọdún tuntun lọ. Alájọ kì í lé ọ nítorí pé o kò rówó dá lánàá. Ilé á ṣófo, ọ̀la á sì ní ilé tirẹ̀. Phillippa Lally àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì kan ní Lọ́ńdọ̀nù tọpa èèyàn 96 tí wọ́n ń gbìyànjú láti sọ ohun kan di bárakú, ìwádìí náà sì jáde nínú ìwé ìròyìn ìmọ̀ ní 2010. Ọjọ́ 66 ló jẹ́ àárín, ṣùgbọ́n ó wà láti ọjọ́ 18 títí dé 254. Wọ́n sì rí i pé fífo ọjọ́ kan kò ba iṣẹ́ náà jẹ́ lọ títí. Ohun tí ìyá mi fi èékánná kà nìyẹn.

Mo fẹ́ràn àìsùn ọdún tuntun. Mo máa ń wà níbẹ̀, mo sì gbà pé ẹ̀jẹ́ tí èèyàn jẹ́ nígbà tí aago bá ń lu méjìlá lóru kì í ṣe eré. Ohun tó ń pa ọ̀pọ̀ nínú wọn ni pé inú ọkàn ni wọ́n ti jẹ́ ẹ, kò sí ẹni tó gbọ́ ọ, kò sì sí ẹni tí yóò yọjú lọ́jọ́ Kejì oṣù Kìn-ín-ní láti gba tọjọ́ náà. Ní ìjọ bàbá mi, Ìsìn Májẹ̀mú máa ń tẹ̀ lé e ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. John Wesley ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1755, ìjọ Mẹ́tọ́díìsì sì dé ilẹ̀ wa nígbà tí Thomas Birch Freeman gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní 1842. Gbogbo ìjọ á dìde, wọ́n á jọ fi ẹnu ara wọn sọ májẹ̀mú náà, lọ́dún tó ń bọ̀ wọ́n á tún dìde. Bàbá mi máa ń di ọwọ́ mi mú níbẹ̀. Bí a bá délé, wọ́n á mú káàdì mi wá, wọ́n á ní kí n lọ bá Ìyá àgbà.

Ìyá mi ní tiwọn kì í dúró de ọdún tuntun. Alájọ á ka owó tán, ìyá mi á tún un kà, wọ́n á pín in sí ìdì mẹ́ta, wọ́n á kó o sínú tòbí. Alájọ á ti ń mú báàgì rẹ̀ ní kó máa lọ. Wọ́n á ní, "Dúró." Wọ́n á fa ẹyọ owó kan yọ padà nínú èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó fún wọn, wọ́n á nà á sí i. "Ṣí tuntun fún mi." Ẹran Iléyá á ṣì wà nínú ìkòkò, tàbí kí ìrẹsì Kérésì má tíì tilẹ̀ jinná, ilé àkọ́kọ́ lórí káàdì ọdún tó ń bọ̀ á ti ní ìfọwọ́sí. Nígbà tí inú ilé ń dùn, tí gbogbo ẹni tí wọ́n ń ṣe é nítorí wọn wà níjokòó, ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀.

Bàbá mi ti lọ. Lọ́ńdọ̀nù ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wà, àǹtí mi wà l'Ékòó, síbẹ̀ a kì í jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ Kérésì lọ lásán: ẹni tí kò bá lè wálé á wà lórí fóònù, páálí á wà nílẹ̀, rúlà á wà nílẹ̀. Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́wàá, ló ní òun fẹ́ mọ oríkì ìdílé wa látòkèdélẹ̀ kí Kérésì tó dé. Ìlà kan lójoojúmọ́. Ìyá mi ni alájọ rẹ̀. Wọ́n ń gbọ́ ọ lórí WhatsApp lálẹ́, wọ́n á sì sọ fún mi bóyá kí n fọwọ́ sí i tàbí kí n má fọwọ́ sí i.

Wọn kò jẹ́ kí n fọwọ́ sí ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá. Wọ́n ní ó fo orúkọ bàbá wọn àgbà, ẹni tó tẹ agbo ilé wa dó. Ilé yẹn ṣì ṣófo. Láti àárọ̀ òní ni mo ti ń gbọ́ ohùn rẹ̀ ní kíṣìnì, tó ń pe ìlà náà, tó ń padà, tó ń tún un pè.